Abídèmí Ń Dúró: Ìwádìí Ìtàn Bàbá Tí Òkun Gbé Lọ Nígbà Ogun

Ìfáárà

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí obìnrin bá bímọ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní ìrìn àjò, àwọn àgbà ilé a máa sọ ọmọ náà ní Abídèmí. Ìtumọ̀ orúkọ yìí kò fara sin: a bí ọmọ náà de bàbá rẹ̀. Ìrètí ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó lọ yóò bọ̀, yóò gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, yóò gbé e sókè, yóò sì súre fún un. Ṣùgbọ́n ní Èkó àti ní àwọn ìlú etí òkun mìíràn, láàárín ọdún 1914 sí 1918 àti láàárín ọdún 1939 sí 1945, àwọn bàbá kan wà tí wọ́n wọ ọkọ̀ òkun lọ tí wọn kò padà wálé mọ́. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ó ń jẹ́ Abídèmí, àmọ́ ipò Abídèmí ni gbogbo wọn wà. Wọ́n dúró, wọ́n dàgbà, wọ́n darúgbó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti papò dà láìmọ ibi tí bàbá wọn sùn sí.

Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni ó ń béèrè lónìí. Ìbéèrè wọn kò ju mẹ́ta lọ: Ọkọ̀ wo ni bàbá wọ̀? Ọjọ́ wo ni ọkọ̀ náà rì? Ǹjẹ́ orúkọ rẹ̀ wà níbì kankan? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé onímọ̀ ìtàn nìkan ni ó lè dá wọn lóhùn, tàbí kẹ̀, òyìnbó tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ èdè Yorùbá ni iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, àti pé bí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, apá kan wà nínú rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò ní lè ṣe rárá.

Àwọn Tí Wọ́n Lọ

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Elder Dempster ni ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tí ń ná ọ̀nà Liverpool sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Epo pupa, èkùrọ́, kòkó, ẹ̀pà àti igi gẹdú ni ọkọ̀ wọn ń kó lọ. Aṣọ, iyọ̀, sìmẹ́ǹtì àti irin ni wọ́n ń kó bọ̀. Inú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni àwọn ọmọ Áfíríkà ti ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú iná tí ń mú ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń fi epo sí ẹ̀rọ, àwọn mìíràn ń fọ ilẹ̀ ọkọ̀ tàbí kí wọ́n máa dáná kí wọ́n sì máa gbé oúnjẹ fún èrò. Àwọn ẹ̀yà Kru láti Liberia àti Freetown ni ó kọ́kọ́ pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí ó yá, àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní Èkó náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí wọ́n gbà ní Áfíríkà kéré gan-an sí èyí tí òyìnbó ń gbà lórí irú iṣẹ́ kan náà.

Nígbà tí ogun dé, ọkọ̀ tí ń kó ẹrù di ẹran tí ọ̀tá ń dọdẹ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1915, ọkọ̀ abẹ́ omi ilẹ̀ Jámánì ri ọkọ̀ Falaba bí ó ti kúrò ní Liverpool tí ó ń bọ̀ ní Áfíríkà. Ẹ̀mí tí ó lé ní 100 ni ó bá a lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 1917, wọ́n ri Apapa ní tòsí ilẹ̀ Wales. Nígbà ogun Hitler, ìtàn náà tún padà wá. Accra rì ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ireland ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1940. Ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n tún sọ ní Apapa rì ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, lẹ́yìn tí bàálù Jámánì ju àdó olóró lù ú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1942 ni ọkọ̀ abẹ́ omi ri Abosso, tí ó ń ti Cape Town lọ sí Liverpool. Ènìyàn 393 ni ó wà nínú rẹ̀. 31 péré ni ó yọ. Ní oṣù tí ó ṣáájú èyí, wọ́n ti ri ọkọ̀ kékeré kan ní etí òkun Gold Coast, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Ghana lónìí. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Ilorin.

Ó yẹ kí orúkọ wọ̀nyí mú ènìyàn ronú. Àwọn ìlú Áfíríkà ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ lórúkọ, orúkọ náà sì wà nínú ìwé títí di òní. Ta ni ó mọ orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, nídìí iná, níbi tí omi ti kọ́kọ́ ń wọlé?

Ìtàn ọkọ̀ Mendi fi ohun tí ó ṣeé ṣe hàn, ó sì tún fi ohun tí ó ṣẹ́ kù hàn. Ọkọ̀ Elder Dempster ni Mendi, ṣùgbọ́n ìjọba ń lò ó láti kó àwọn ọmọ South Africa lọ sójú ogun ilẹ̀ Faransé. Ó kúrò ní Cape Town ní oṣù Kìíní ọdún 1917, ó yà sí Èkó níbi tí wọ́n ti gbé ìbọn ńlá kan sí i, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 21 oṣù Kejì, nínú kùrukùru, ọkọ̀ tí ó ń jẹ́ Darro kọ lù ú ní ẹ̀bá Isle of Wight, ó sì rì. Àwọn ọmọ South Africa tí ó lé ní 600 ni ó kú. Àwọn ènìyàn wọn kò gbàgbé wọn. S. E. K. Mqhayi, akéwì èdè Xhosa, kọ ewì lórí ọkọ̀ náà. Orúkọ àwọn òkú náà wà lára ògiri ìrántí Hollybrook ní Southampton, orílẹ̀-èdè South Africa sì fi orúkọ Mendi pe oyè tí ó ń fi dá àwọn akíkanjú lọ́lá. Nǹkan bí 30 òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ náà ńkọ́? Wọ́n kú nínú omi kan náà, ní òwúrọ̀ kan náà. Ohùn akéwì wo ni ó ké pè wọ́n?

Ìdí Tí Ìtàn Wọn Fi Sọnù

Ohun mẹ́rin ni ó pa ìtàn àwọn bàbá wọ̀nyí mọ́lẹ̀. Èkíní ni pé wọn kì í ṣe sójà. Ẹni tí ó bá gbé ní Èkó ní ayé àtijọ́ mọ Sójà Ìdúmọ̀tà, ère tí wọ́n fi ń rántí àwọn tí ó kú lójú ogun. Atukọ̀ kò wọ aṣọ ogun, kò gbé ìbọn, kò sì bá wọn yan nígbà tí ogun parí. Ojú òṣìṣẹ́ lásán ni wọ́n fi wò ó, bẹ́ẹ̀ ikú tí ó pa sójà ni ó pa òun náà.

Èkejì ni pé kò sí òkú láti sin. Nínú àṣà Yorùbá, bí ènìyàn bá kú sí ìdálẹ̀, tí kò ṣeé gbé wálé, wọn a máa gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wá fún àwọn ẹbí kí wọ́n lè ṣe ìsìnkú fún un. Ilẹ̀ a gba nǹkan kan lára rẹ̀, ọkàn a sì balẹ̀. Òkun kì í dá irun padà, kì í dá èékánná padà. Ìyàwó ẹni tí òkun gbé kì í ṣe opó pátápátá, kì í sì í ṣe abilékọ pátápátá. Bí ó bá ṣọ̀fọ̀, wọn a ní ó ń fi ẹnu pa ọkọ rẹ̀. Bí kò bá ṣọ̀fọ̀, wọn a ní ọkàn rẹ̀ le.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Nígbà tí ìròyìn kò dé, tí owó oṣù sì dáwọ́ dúró, àwọn ènìyàn fi àròsọ dí àlàfo náà. Wọ́n ní ó ti rí obìnrin òyìnbó fẹ́ ní Liverpool. Wọ́n ní ó ti gbàgbé ilé. Òótọ́ ni pé àwọn kan dúró sí ìlú òyìnbó ní tòótọ́. Àwọn ìdílé tí ó ṣẹ̀ lára àwọn atukọ̀ Áfíríkà ṣì wà ní Liverpool títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kú tí wọ́n ń pè ní ẹni tí ó sá, ìwọ̀sí méjì ni wọ́n fi kan án. Bẹ́ẹ̀ ni títí di ọdún 1941, ìlànà iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá rì ni owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ dópin. Òfin ni ó gé owó náà. Bàbá kọ́ ni ó hùwà ìkà. Ọmọ tí ó dàgbà pẹ̀lú èrò pé bàbá òun kọ òun sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ èyí.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Òun ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, a ó sì padà sórí rẹ̀.

Ilé Ni Ìwádìí Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Àwọn kan rò pé ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ni a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mú pọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀, inú ilé rẹ̀ ni ó sì ti ń kọ́kọ́ wá a. Àpótí àgbà ni a ó kọ́kọ́ bẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ fọ́tò kan tí orúkọ ilé àyàwòrán wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí àpò lẹ́tà tí òǹtẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ ṣì hàn lára rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìwé iṣẹ́ atukọ̀, èyí tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ọkọ̀ àti ọjọ́ ìwọlé àti ìjáde sí, tàbí ìwé owó tí bàbá ní kí ilé-iṣẹ́ máa san fún ìyàwó rẹ̀ lóṣooṣù. Àmì ẹ̀yẹ kan náà lè wà tí àwọn ọmọdé ti fi ṣeré títí tí okùn rẹ̀ fi já.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà. Níhìn-ín ni ìwà ọmọlúàbí ti ń ṣiṣẹ́ ju ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ. A kì í jókòó ti arúgbó kí a bi í léèrè pé, “Ìgbà wo ni bàbá yín kú?” Ọmọ tí ó bá mọ̀ọ̀yàn yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, yóò ní, “Màmá, ẹ kú ìrántí. Ta ni ó mú ọ̀rọ̀ bàbá wá sílé nígbà náà?” Ìbéèrè kejì yìí ń ṣí ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ni ó wá, tàbí àlùfáà, tàbí akọ̀wé ilé-iṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó wá rárá. Èsì kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ń tọ́ka sí.

Àwọn àgbà kì í fi ọdún ka ìtàn, ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á. Ẹni tí ó bá mọ ìṣẹ̀lẹ̀ yóò rí ọdún níbẹ̀. Bí màmá bá ní bàbá lọ kí àjàkálẹ̀ àrùn tó wọ̀lú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èyí tí ó jà káàkiri ní ọdún 1918. Bí ó bá ní ìgbà tí Pullen ń ṣòfin lé oúnjẹ lórí lọ́jà Èkó ni, ogun Hitler ni ó ń sọ. Bí ó bá ní ìròyìn ti dé kí ìyanṣẹ́lódì ńlá tó bẹ̀rẹ̀, ó ti dé ṣáájú àárín ọdún 1945 nìyẹn. Bí ó bá ní òun ti tóbi tó láti ru omi ní ọjọ́ tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án gangan, ọjọ́ náà ni 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1947, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú. Láti ibẹ̀ ni a ti lè ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, kí a sì mọ ìgbà tí bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀.

Kí olùwádìí máa ṣọ́ra fún àwọn ọ̀rọ̀ ìbátan. “Bàbá” lẹ́nu àgbà lè jẹ́ bàbá tí ó bí i, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá, ó sì lè jẹ́ olórí ilé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá ni ó lọ sókun, tí olùwádìí sì ń wá orúkọ bàbá gan-an kiri nínú ìwé, ọdún mẹ́wàá kò ní tó o.

Ìwé Tí Ó Wà Ní Òde

Orúkọ ọkọ̀ ni orí okùn. Bí a bá ti ní in lọ́wọ́, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Ní Tower Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, ògiri ìrántí wà fún àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ẹrù tí kò ní sàréè àfi òkun. Apá ti ogun àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣí ní ọdún 1928, wọ́n sì ṣí ti ogun kejì ní ọdún 1955. Nǹkan bí 12,000 orúkọ ni ó wà ní ti ìṣáájú, ti ìkejì sì tó nǹkan bí 24,000. Ọkọ̀ ni wọ́n fi to orúkọ náà, kì í ṣe oyè tàbí àwọ̀ ara. Àjọ tí ń tọ́jú sàréè ogun, Commonwealth War Graves Commission, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1917, ti kó gbogbo orúkọ tí ó wà níkàáwọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní abúlé lè wá orúkọ níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ fún àjọ náà.

Ilé àkójọ ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Kew ní ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, ìwé ikú lójú òkun, ìwé tí ń tọ́ka ìrìn ọkọ̀ láti èbúté kan sí èkejì nígbà ogun Hitler, àti ìwé àmì ẹ̀yẹ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ láàárín ọdún 1863 sí 1938 kò sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ó wà ní Memorial University ní Newfoundland, ilẹ̀ Kánádà. Àwọn ti ọdún 1915 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí orúkọ, ọjọ́ orí, ìlú ìbí, àdírẹ́sì, ọkọ̀ tí ẹni náà ti wọ̀ ṣáájú àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Nílé níhìn-ín, ilé àkójọ ìwé ìjọba tí ó wà ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní ìwé àwọn ọ́fíìsì ìjọba amúnisìn. Àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ náà wà. Àwọn olùkọ́ Yorùbá mọ Akéde Èkó, tí I. B. Thomas dá sílẹ̀ ní ọdún 1928, nítorí ìtàn Sẹ̀gilọlá tí ó jáde nínú rẹ̀. Àwọn tí ó ka ìtàn náà kì í sábà ka àwọn ìkéde kéékèèké tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn: ìkéde òkú, ìrántí ọlọ́dọọdún, ìdúpẹ́ àwọn ẹbí. Àwọn ìkéde wọ̀nyí pẹ̀lú lítíréṣọ̀ ni, ìtàn sì ni wọ́n.

Ibi Tí Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá Wà

Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, ṣùgbọ́n orúkọ tí akọ̀wé ọkọ̀ kọ kì í ro ẹnikẹ́ni. Etí òyìnbó ni ó fi gbọ́, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ. Nínú ìwé ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ orúkọ àwọn Kru kan ní Bottle of Beer, bí ẹni pé ènìyàn kò ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é. Ní ti Yorùbá, kí a mú “Ojo” bí àpẹẹrẹ. Ṣé Òjó ni, ọmọkùnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, àbí Ọjọ́, tí ó jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀? “Brimah” ńkọ́? Ẹni tí ó bá mọ bí Yorùbá ṣe ń pe orúkọ Mùsùlùmí mọ̀ pé Búràímọ̀ ni, pé Ibrahim sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé Lámídì àti Abdul Hamid lè jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, àti pé Bákàrè àti Abubakar lè jẹ́ ẹnìkan náà. Ó mọ̀ pé Táíwò àti Kẹ́hìndé lórí ìwé kan náà, tí ìlú ìbí wọn sì jẹ́ ọ̀kan, lè jẹ́ ìbejì tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀, ó sì lè máà rí bẹ́ẹ̀.

Kò sí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní Kew tí yóò mọ gbogbo èyí bí kò bá sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ẹni tí ó kọ́ fonọ́lọ́jì Yorùbá, tí ó mọ bí fáwẹ́lì ṣe ń pa jẹ àti bí ohùn ṣe ń yí ìtumọ̀ padà, ní irinṣẹ́ tí onímọ̀ ìtàn kò ní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kùn pé àmì ohùn kò wúlò lẹ́yìn ìdánwò. Iṣẹ́ yìí ni èsì tí ó yẹ wọ́n. Àmì ohùn kan ṣoṣo lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín bàbá ẹni àti bàbá onílé kejì.

Oríkì náà ní ipa tirẹ̀. Oríkì orílẹ̀ lè tọ́ka sí ìlú tí ẹni tí wọ́n kọ “Lagos” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ ti wá ní tòótọ́, nítorí ìlú tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́ ni akọ̀wé sábà ń kọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a gba gbogbo ohun tí ẹnu sọ gbọ́. Oríkì ń yin ènìyàn, kì í ka ọjọ́. Ìwé sì ń ka ọjọ́, kì í mọ ènìyàn. Àfi kí a so méjèèjì pọ̀, kí ọ̀kan máa yẹ èkejì wò.

Àwọn Àtakò

Àwọn kan yóò ní ogun òyìnbó ni, kò kan Yorùbá. Òótọ́ ni pé ogun náà kì í ṣe ti Yorùbá, ṣùgbọ́n òkú inú rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá. Ẹni tí ó lọ wá oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀ kò di ọmọ òyìnbó nítorí pé ọkọ̀ òyìnbó ni ó rì mọ́ ọn nídìí.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a fi òkú sílẹ̀ kí ó sinmi. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó sì yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún. Bí ẹbí kan bá sọ pé àwọn kò fẹ́, olùwádìí gbọ́dọ̀ pa ìwé rẹ̀ dé, kí ó dúpẹ́, kí ó sì máa lọ. Àmọ́ òkú tí wọ́n ń pè ní asálọ kò tíì sinmi.

Àtakò kẹta ni ó lágbára jù: ìwé náà kò pé, orúkọ ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà kò sì sí nínú rẹ̀. Àjọ tí ń tọ́jú sàréè ogun fúnra wọn jẹ́wọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2021 pé lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́, ó kéré tán ènìyàn 116,000, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó tó 350,000, ni wọn kò fi orúkọ rántí tàbí tí wọn kò rántí rárá. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n tọrọ àforíjì. Nítorí náà, bí olùwádìí kò bá rí orúkọ, kí ó má ṣe sáré sọ fún ẹbí pé ẹni náà kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí nìyí gan-an tí ó fi yẹ kí a ṣe iṣẹ́ náà. Àjọ yìí máa ń ṣe àtúnṣe bí ẹnìkan bá mú ẹ̀rí tí ó múná dóko wá. Ẹ̀rí náà kò ní ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Inú àpótí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìkòròdú àti ní Àgbádárìgì ni ó wà, inú sì ni kòkòrò ti ń jẹ ẹ́.

Ewu kan ṣì kù tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ìwádìí lè mú ohun tí ẹbí kò fẹ́ gbọ́ jáde. Ó lè hàn pé bàbá kò kú lójú òkun, pé ó dàgbà sí Liverpool pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ mìíràn. Kí olùwádìí sọ èyí fún ẹbí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá parí. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n ìbátan tuntun lè wà nídìí òtítọ́ bẹ́ẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Kò pọn dandan kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní owó ńlá kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ NCE gbọ́dọ̀ kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kí ó tó jáde. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ń tún ohun tí àwọn ti ìṣáájú ti kọ kọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta péré ní ọdọọdún ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan bá mú ẹbí kan ṣoṣo ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ àgbà sílẹ̀, tí wọ́n da fọ́tò kọ, tí wọ́n fi àmì ohùn tí ó yẹ sí orúkọ, tí wọ́n sì yẹ ìwé ìrántí wò, láàárín ọdún mẹ́wàá, ìtàn 30 ẹbí yóò ti wà ní ibi ìkówèésí. Olùkọ́ tí ó wà lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni lè ní kí àwọn ọmọ kíláàsì béèrè nílé bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wọn ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ òkun rí. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ohun tí ẹbí yóò fi èsì náà ṣe, ọwọ́ wọn ni ó wà. Àwọn kan yóò ṣe fìdáù, àwọn kan yóò dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn yóò lọ sí etí òkun láti ta omi sílẹ̀ kí wọ́n sì pe orúkọ. Òkun kò dá irun tàbí èékánná padà, ṣùgbọ́n a lè gba orúkọ àti ọjọ́ padà lọ́wọ́ ìwé. Èyí tó láti sin.

Àwọn tí ó gbọ́ ìtàn náà láti ẹnu ìyá wọn ti di arúgbó. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó ń kọjá ń mú díẹ̀ lọ nínú wọn. Kì í ṣe pé Abídèmí kò mọ̀ pé bàbá kò ní bọ̀ mọ́. Ó ti mọ̀ tipẹ́. Ohun tí ó ń dúró dè ni kí ẹnìkan sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ń bọ̀ nílé nígbà tí omi fi gbà á.